Kíkà Méjì: Jọ́nà Ayédèrú àti Iyì Ọ̀mọ̀wé ní Èkìtì

Ọ̀rọ̀ kan náà ni Yorùbá ń lò fún ẹni tí ó jókòó ti ìwé tí ó ń wá òye ohun tí ó wà nínú rẹ̀, àti fún ẹni tí ó to owó sílẹ̀ tí ó ń ṣírò iye rẹ̀. Àwọn méjèèjì ń kà. Ọmọ ilé-ìwé ń ka ìwé, oníṣòwò ń ka owó. Lójoojúmọ́, ìjọra yìí kò pa ẹnikẹ́ni lára, nítorí kò sí ẹni tí yóò gbọ́ pé ọmọ ń ka ìwé kí ó rò pé iye ojú-ewé ni ó ń ṣírò. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí kíkà méjèèjì ti dàrú mọ́ ara wọn, tí èkejì sì ti gba ipò èkíní. Ibẹ̀ ni yàrá tí ìgbìmọ̀ ìgbéga máa ń jókòó sí ní ọ̀pọ̀ yunifásítì Nàìjíríà. Wọ́n ń ka iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé níbẹ̀, àmọ́ bí a ṣe ń ka owó ni wọ́n ń kà á, kì í ṣe bí a ṣe ń ka ìwé. Inú àlàfo tí ó wà láàrin kíkà méjèèjì yìí ni àwọn jọ́nà ayédèrú ti rí ibùgbé, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń jẹun.

Kò sí ibi tí ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ká ènìyàn lára tó ilẹ̀ Èkìtì. Káàkiri Nàìjíríà ni wọ́n ti máa ń dá àpárá pé kò sí agboolé kan ní Èkìtì tí kò ní ọ̀jọ̀gbọ́n. Àsọdùn ni, ṣùgbọ́n àsọdùn tí ó dùn mọ́ ọmọ Èkìtì ni. Láti ìgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ Christ's School ti bẹ̀rẹ̀ ní Adó-Èkìtì ní ọdún 1933, ọ̀pọ̀ òbí ní agbègbè náà ti gbà pé ìwé ni ogún tí olè kò lè jí. Lónìí, inú ìlú Adó nìkan ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì wà, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1982. Ibẹ̀ ni Yunifásítì Afẹ Babalọlá wà, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2009. Ibẹ̀ náà ni Ilé-ẹ̀kọ́ Gbogboǹṣe ti Ìjọba Àpapọ̀ wà. Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti wà ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì láti 2011, yunifásítì mìíràn sì wà ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Nígbà tí ilẹ̀ kan bá fi ìmọ̀ ṣe iyì tó bẹ́ẹ̀, bí ayédèrú bá wọ inú ìmọ̀, ilẹ̀ náà ni yóò kọ́kọ́ fara gbá a.

Ó dára kí a rántí bí iyì náà ṣe dé. Ìkọ̀lé-Èkìtì ni wọ́n ti bí J. F. Adé Àjàyí ní 1929. Nígbà tí ìwé rẹ̀ lórí àwọn ìjọ ajíhìnrere ní Nàìjíríà láàrin 1841 àti 1891 jáde ní 1965, àwọn onítàn kà á, wọ́n jiyàn lé e lórí, wọ́n sì ń tọ́ka sí i títí di òní. Kò sí ẹni tí ó máa ń béèrè iye àpilẹ̀kọ tí Àjàyí kọ kí ó tó gbà pé onítàn ńlá ni. Ohun tí ó kọ ni wọ́n mọ̀. Kíkà èkíní ni ó sọ ọ́ di ẹni ńlá.

Jọ́nà ni ìwé àtìgbàdégbà tí àwọn onímọ̀ fi ń jíṣẹ́ ìwádìí wọn fún ara wọn. Bí òǹkọ̀wé bá fi àpilẹ̀kọ ránṣẹ́, olóòtú yóò fi í ṣọwọ́ sí àwọn ọ̀mọ̀wé méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n gbọ́ iṣẹ́ náà yékéyéké. Àwọn wọ̀nyí yóò yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, gẹ́gẹ́ bí ìyá ahunṣọ ṣe máa ń na aṣọ tí ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀ hun wò kí ó tó jẹ́ kí ó gbé e lọ sọ́jà. Wọ́n lè ní kí òǹkọ̀wé lọ tún un ṣe, wọ́n sì lè kọ̀ ọ́ pátápátá. Iṣẹ́ yìí máa ń gba oṣù púpọ̀, nígbà mìíràn ó máa ń gba ju ọdún kan lọ. Irú àṣà bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí Nàìjíríà. Jọ́nà Odù bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1955, ti Ẹgbẹ́ Onítàn Nàìjíríà sì tẹ̀lé e ní 1956, kí orílẹ̀-èdè yìí tó gba òmìnira.

Ìṣòro àkọ́kọ́ tí ó dojú kọ irú jọ́nà bẹ́ẹ̀ ni owó. Àwọn ilé-ìkàwé ni ó máa ń san owó kí wọ́n tó lè rí i gbà, iye tí àwọn atẹ̀wé òkè òkun ń béèrè sì ń gòkè lọ́dọọdún. Nígbà tí ìjọba ológun gùn lé ètò àtúntò ọrọ̀-ajé ní 1986, tí iye náírà já wálẹ̀, ọ̀pọ̀ yunifásítì Nàìjíríà kò lè ra jọ́nà ilẹ̀ òkèèrè mọ́. Pẹpẹ ìwé wà, ṣùgbọ́n ọdún tí wọ́n ra ìwé tuntun kẹ́yìn ni ó wà lórí rẹ̀. Olùkọ́ ń kọ́ ọmọ ní ohun tí ayé ti kọjá, kì í ṣe nítorí pé ó ya ọ̀lẹ, bí kò ṣe pé ìlẹ̀kùn ti sé mọ́ ọn.

Ìdí nìyí tí inú ọ̀pọ̀ ènìyàn fi dùn nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé kan gbé ìkéde Budapest jáde ní February 2002. Wọ́n ní kí ìwádìí tí àwọn onímọ̀ ṣe wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹnikẹ́ni lè kà á, kí ó dà á kọ, kí ó sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà láìsan kọ́bọ̀. Open access ni wọ́n pe èyí. Ìtẹ̀jáde onílẹ̀kùn-ṣíṣí ni a lè pè é ní Yorùbá. Ìtumọ̀ rẹ̀ fún Èkìtì kò kéré. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní Adó lónìí lè fi fóònù ọwọ́ rẹ̀ ka àpilẹ̀kọ kan náà tí ọ̀jọ̀gbọ́n ń kà ní London. Olùkọ́ ilé-ìwé girama lè rí ìwádìí tuntun lórí ibà tàbí lórí ìtàn ogun Kírìjì láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ilé-ìkàwé kankan. Ẹni tí ó bá sọ pé kí a ti ìlẹ̀kùn yìí padà, kí ó kọ́kọ́ rántí bí inú ilé ṣe rí nígbà tí ó wà ní títì.

Ṣùgbọ́n bí òǹkàwé kò bá san owó mọ́, ta ni yóò san án? Olóòtú ń fẹ́ iná, ó ń fẹ́ kọ̀ǹpútà, ó ń fẹ́ òṣìṣẹ́. Ìdáhùn kan ni pé kí ìjọba tàbí yunifásítì gbé ẹrù náà. Ìdáhùn kejì ni pé kí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ san án, ìyẹn sì ni èyí tí ó gbilẹ̀ jù lọ lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé ńlá. Jọ́nà Nature, tí ó wà lára àwọn tí ayé ń bọ̀wọ̀ fún jù, kéde ní 2020 pé 9,500 yúrò ni ẹni tí ó bá fẹ́ kí àpilẹ̀kọ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé yóò san. Níbí ni ògiri ti lanu. Yorùbá sì ti sọ ọ́ tipẹ́ pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Nígbà tí ó jẹ́ òǹkàwé ni ó ń sanwó, jọ́nà tí kò dára kò ní rí ẹni rà á. Nígbà tí ó di òǹkọ̀wé ni ó ń sanwó, ẹni tí ó bá gba àpilẹ̀kọ púpọ̀ wọlé ni yóò jèrè púpọ̀, ẹni tí ó bá sì ń kọ àpilẹ̀kọ burúkú ń kọ owó sílẹ̀.

Aláǹgbá kò pẹ́ kí ó tó dé. Ní 2010, Jeffrey Beall, òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé ní Yunifásítì Colorado ní Denver, bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n ní orúkọ tí a lè túmọ̀ sí jọ́nà apanijẹ. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣiṣẹ́ kò lọ́jú pọ̀. Lẹ́tà kan yóò dé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò máa pe ẹni tí kò tíì gba oyè kejì ní ọ̀jọ̀gbọ́n tí òkìkí rẹ̀ kàn. Yóò ní kí ó fi àpilẹ̀kọ ránṣẹ́, ìdáhùn yóò dé láàrin ọjọ́ mẹ́ta. Orúkọ jọ́nà náà yóò tóbi, yóò máa pe ara rẹ̀ ní ti àgbáyé. Àdírẹ́sì rẹ̀ yóò wà ní New York, nígbà tí ẹni tí ó ń gba owó kò tíì débẹ̀ rí. Orúkọ àwọn ọ̀mọ̀wé tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ yóò wà nínú ìgbìmọ̀ olóòtú. Bí àpilẹ̀kọ bá dé, kò sí ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Ìwé owó ni ó máa ń kọ́kọ́ dé.

Àwọn olùwádìí méjì ní ilẹ̀ Finland, Cenyu Shen àti Bo-Christer Björk, ṣírò rẹ̀ ní 2015. Wọ́n ní àpilẹ̀kọ tí irú jọ́nà bẹ́ẹ̀ gbé jáde ní 2010 tó 53,000. Nígbà tí ó fi máa di 2014, ó ti di 420,000. Owó tí òǹkọ̀wé ń san lórí àpilẹ̀kọ kan jẹ́ 178 dọ́là ní ìpíndọ́gba. Létí ẹni tí ó ń gba owó dọ́là, iye yìí lè dàbí ẹ̀bùn. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní ìṣirò ìjọba. Nígbà tí 2024 fi parí, ó ti kọjá 1,500 náírà. Ní ìṣirò yẹn, àpilẹ̀kọ kan ṣoṣo di ohun tí ó lé ní 260,000 náírà. Bí a bá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ owó oṣù tí ó kéré jù tí òfin 2024 fi lélẹ̀, ìyẹn 70,000 náírà, ó kù díẹ̀ kí ó tó owó oṣù mẹ́rin. Owó tí kò sí fún kẹ́míkà nínú yàrá ìwádìí ni ó ń sọdá òkun lọ sí àpò ẹni tí kò ka ohun tí ó tẹ̀.

Ilé-ẹjọ́ pàápàá ti dá sí i. Ní 2016, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ó ń gbèjà oníbàárà pe ilé-iṣẹ́ OMICS, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Hyderabad ní Íńdíà, lẹ́jọ́ pé ó ń fi owó tí ó ń gbà pamọ́ títí òǹkọ̀wé yóò fi kó sọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń parọ́ nípa àyẹ̀wò àti nípa àwọn olóòtú rẹ̀. Ní March 2019, adájọ́ pàṣẹ kí ilé-iṣẹ́ náà san ohun tí ó lé ní 50 mílíọ̀nù dọ́là.

Ìdánwò tí ó tún kan ọmọ Áfíríkà lójú ni èyí tí akọ̀ròyìn John Bohannon ṣe, tí ó sì gbé jáde nínú jọ́nà Science ní October 2013. Ó kọ àpilẹ̀kọ ayédèrú kan nípa oògùn jẹjẹrẹ, ó kún un fún àṣìṣe tí ọmọ ilé-ìwé tí ó mọ kẹ́mísírì dáadáa yẹ kí ó rí. Ó fi orúkọ àwọn ọ̀mọ̀wé tí kò sí láyé sí i, ó sì ní ilé-ẹ̀kọ́ wọn, tí kò sí bákan náà, wà ní àwọn ìlú Áfíríkà. Ó fi ránṣẹ́ sí jọ́nà onílẹ̀kùn-ṣíṣí 304. Nínú wọn, 157 gbà á wọlé, 98 kọ̀ ọ́. Bí ó ṣe rọrùn fún un láti rò pé kò ní ṣòro fún ayé láti gbà pé Áfíríkà ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti wá, ìyẹn nìkan tó ohun tí ó yẹ kí ó dun ènìyàn. Ayédèrú kì í ba orúkọ ẹni tí ó ṣe é jẹ́ nìkan. Ó ń ba ti ẹni tí ó ń jókòó sí ilé tí ó ń ṣiṣẹ́ òótọ́ jẹ́ pẹ̀lú.

Àwọn kan ti tìtorí gbogbo èyí sọ pé ìlẹ̀kùn ṣíṣí ni ó fa wàhálà, kí a padà sí jọ́nà tí òǹkàwé ń rà. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Nínú ìdánwò Bohannon kan náà, PLOS ONE, tí ó jẹ́ onílẹ̀kùn-ṣíṣí, tí ó sì ń gba owó lọ́wọ́ òǹkọ̀wé, wà lára àwọn tí wọ́n kọ àpilẹ̀kọ náà, ó sì yẹ̀ ẹ́ wò kíkankíkan jù lọ. Bohannon kò sì fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí jọ́nà olówó kankan rárá, nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè fi ìdánwò rẹ̀ sọ pé àwọn ìyẹn mọ́ jù. Jọ́nà The Lancet, tí ilé-ìkàwé ń fi owó ńlá rà, ni ó gbé àpilẹ̀kọ Andrew Wakefield jáde ní 1998, èyí tí ó da ẹ̀rù abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi bo àwọn òbí ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀. Ọdún 2010 ni ó tó fà á padà. Ìlẹ̀kùn tí ó wà ní títì kò dí irọ́ lọ́nà.

Ibo wá ni àìsàn yìí ti bẹ̀rẹ̀? Aláta kì í gbé ọjà lọ sí ibi tí kò sí ẹni tí yóò rà á. Àwọn jọ́nà apanijẹ ń tà nítorí pé ẹnì kan ń ra iye. Ní yunifásítì Nàìjíríà, olùkọ́ tí ó bá fẹ́ ìgbéga gbọ́dọ̀ kó àpilẹ̀kọ tí ó tó iye kan jọ, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ sì ń béèrè pé kí apá kan nínú wọn ti òkè òkun wá. Ní 2014, àwọn onímọ̀ nípa àwùjọ kan, tí A. O. Omobowale ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣáájú wọn, kọ nínú jọ́nà Current Sociology nípa bí ìlànà òkè òkun yìí ṣe ń sún àwọn olùkọ́ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń gba owó tẹ̀wé láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ìlànà tí wọ́n fẹ́ fi gbé òṣùwọ̀n ga ni ó wó o lulẹ̀, nítorí pé ibi tí ìwé ti jáde ni ó ń wò, kò wo ohun tí ó wà nínú ìwé.

Ní Ọjà Ọba ní Adó-Èkìtì, kò sí ìyàwó ilé tí yóò ra gàárì kóńgò mẹ́wàá láìbojú wo inú kóńgò. Ó mọ̀ pé ẹni tí ó ń wọn ọjà lè ti ìdí kóńgò wọnú. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kóńgò mẹ́wàá yóò pé ní ẹnu, ṣùgbọ́n gàárì kò ní pé nílé. Ìgbìmọ̀ tí ó ka àpilẹ̀kọ ogún tí kò ka ọ̀kan ṣoṣo nínú rẹ̀ kò ní ọgbọ́n ìyàwó ilé yẹn.

Kì í ṣe àìsàn Nàìjíríà nìkan. Nígbà tí David Moher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ottawa yẹ nǹkan bí 1,900 àpilẹ̀kọ inú jọ́nà tí a fura sí wò, tí wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde nínú Nature ní 2017, wọ́n rí i pé ohun tí ó lé ní ìdajì wá láti àwọn orílẹ̀-èdè tí owó wọn pọ̀ díẹ̀ tàbí tí wọ́n lówó gan-an. Íńdíà ni ó ṣáájú pẹ̀lú ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún, Amẹ́ríkà tẹ̀lé e pẹ̀lú 15, Nàìjíríà sì ṣe ẹ̀kẹta pẹ̀lú 5. Ibi gbogbo tí a bá ti ń ka iye ni aláǹgbá ti ń wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta lágbàáyé kì í ṣe ipò tí ó yẹ kí orílẹ̀-èdè kan fi yangàn.

Ìyà ìlànà òkè òkun yìí pọ̀ ju ti ẹnikẹ́ni lọ lórí àwọn onímọ̀ èdè Yorùbá. Bí olùkọ́ kan ní Adó bá ṣe ìwádìí lórí alámọ̀, ohùn ewì tí àwọn obìnrin Èkìtì jogún, ta ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò ní òkè òkun? Ta ni yóò mọ̀ bí ó bá túmọ̀ ọ̀rọ̀ kan sódì? Àwọn tí wọ́n lè bá a jiyàn wà ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìjerò, ní Ìbàdàn àti ní Èkó. Jọ́nà tí ó yẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sì wà. Yunifásítì Èkó ni ó ni Láàńgbàsà, jọ́nà iṣẹ́ akadá tí wọ́n ń fi èdè Yorùbá kọ. Ṣùgbọ́n ní ojú ìlànà tí ó ń ka òkè òkun sí ọlá, àpilẹ̀kọ tí àwọn àgbà èdè yẹ̀ wò dáadáa ní Èkó lè kéré sí èyí tí ẹnikẹ́ni kò kà ní ìlú tí kò sí ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá. Ó di dandan kí onímọ̀ náà fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, kí ó gé apá tí ó ṣòro túmọ̀ kúrò, kí ó sì sanwó lé e. Ohun tí èdè pàdánù níbẹ̀ kò sí nínú ìwé ìṣirò ẹnikẹ́ni.

Olùkọ́ tí ó kéré nípò ni ó sì ń fara gbá jù. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí irú jọ́nà bẹ́ẹ̀ ni ó ní ẹ̀tàn nínú. Òmíràn lo ọdún méjì ní oko àti ní abúlé, ó kó òótọ́ jọ, lẹ́tà dídùn sì tàn án. Lọ́jọ́ tí atẹ̀wé bá pa ojúlé rẹ̀ dé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ òótọ́ náà ti lọ nìyẹn. Björk àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 2020 pé nínú àwọn àpilẹ̀kọ inú jọ́nà apanijẹ tí wọ́n tọ ipasẹ̀ wọn fún ọdún márùn-ún, ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò sí onímọ̀ kankan tí ó tọ́ka sí i rí. Ní àwọn jọ́nà tí a yẹ̀ wò, ìdá 9 péré ni. Ìgbìmọ̀ ti kà wọ́n, ṣùgbọ́n ayé kò kà wọ́n.

Àwọn tí ó gbèjà iye ní ọ̀rọ̀ kan tí kò yẹ kí a fojú tẹ́ńbẹ́lú. Wọ́n ní iye ni ó ń gba ẹni tí kò ní bàbá ìsàlẹ̀ là. Bí a bá ní kí àgbà ka iṣẹ́ kí ó sì dá a lẹ́jọ́, ojúṣàájú yóò wọ̀ ọ́; ọmọ ẹni yóò yege, ọmọ ẹlòmíràn yóò kùnà. Iye kò mọ ojú, àpilẹ̀kọ mẹ́wàá jẹ́ mẹ́wàá lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Òótọ́ wà níbẹ̀, nítorí ojúṣàájú kò ṣàìsí. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí iye ti di ohun rírà, ẹni tí ó lówó ni iye ń ṣe ojúṣàájú fún báyìí. Olùkọ́ tí ó ní 260,000 náírà lọ́nà mẹ́wàá yóò gòkè, ẹni tí kò ní in yóò dúró, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé tirẹ̀ ni iṣẹ́ tí ó dára. Ojúṣàájú kan ni a fi pààrọ̀ òmíràn, èyí tuntun sì tún ń kó owó lọ sókè òkun.

Àtúnṣe kò jìnnà. Ní ìgbéga sí ipò ọ̀jọ̀gbọ́n, àwọn yunifásítì Nàìjíríà ti máa ń fi iṣẹ́ olùkọ́ ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn láti yẹ̀ ẹ́ wò. Kí wọ́n mú irú rẹ̀ wá sí àwọn ipò ìsàlẹ̀ pẹ̀lú. Kí olùkọ́ mú iṣẹ́ mẹ́ta tí ó dára jù lọ́wọ́ rẹ̀ wá dípò ogún, kí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n kà wọ́n, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀ lábẹ́ orúkọ wọn, kí ojúṣàájú má baà ríbi sá pamọ́ sí. Ìkéde San Francisco ti 2012, tí a mọ̀ sí DORA, ti sọ fún gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ láyé pé kí wọ́n dá iṣẹ́ lẹ́jọ́ lórí ohun tí ó wà nínú rẹ̀, kì í ṣe lórí orúkọ jọ́nà. Nínú àyẹ̀wò ńlá tí Bìrìtìkó ṣe fún àwọn yunifásítì rẹ̀ ní 2021, iṣẹ́ tí wọ́n lè kà fún olùkọ́ kan kò gbọdọ̀ ju márùn-ún lọ. Nígbà tí márùn-ún bá ti tó, kí ni ènìyàn fẹ́ fi ogún tí ó rà ṣe?

Èkejì ni kí àwọn yunifásítì gbé jọ́nà tiwọn ró. Brazil kì í ṣe ilẹ̀ olówó bíi Jámánì, síbẹ̀ ó dá SciELO sílẹ̀ ní 1998 pẹ̀lú owó ìjọba, ọ̀pọ̀ jọ́nà inú rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ fún òǹkàwé láìgba owó ńlá lọ́wọ́ òǹkọ̀wé. Ọdún 1998 kan náà ni African Journals Online bẹ̀rẹ̀, jọ́nà Nàìjíríà ni ó sì pọ̀ jù níbẹ̀. Láti 2017 ni wọ́n ti ń fi ìràwọ̀ wọn bí jọ́nà kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣe ètò rẹ̀ sí. Ìpìlẹ̀ ti wà nílẹ̀. Owó TETFund tí ó ń kọ́ ilé lè gbọ́ bùkátà olóòtú pẹ̀lú, nítorí ilé tí kò sí ìmọ̀ nínú rẹ̀, ilé lásán ni.

Ẹ̀kẹta kan ilé-ìwé girama, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ ọdún yìí ni olùkọ́ yunifásítì ogún ọdún sí i. Ọmọ tí ó ń wá ọ̀rọ̀ lórí Google fún iṣẹ́ àmúrelé lè bọ́ sórí àpilẹ̀kọ tí ó ní ewé kan wo àtọ̀gbẹ sàn pátápátá, kí ó sì gbà á gbọ́ nítorí pé ó ní àkọlé gígùn àti àtẹ ìṣirò. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ wọn láti béèrè. Ta ni olóòtú jọ́nà yìí, ṣé ó sì wà ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ní òun wà? Ọjọ́ mélòó ni ó wà láàrin ìgbà tí àpilẹ̀kọ dé ọwọ́ wọn àti ìgbà tí wọ́n gbà á? Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin, ta ni ó ráyè yẹ̀ ẹ́ wò? Ṣé àwọn ẹ̀dà àtijọ́ rẹ̀ wà, àbí àná ni ó bẹ̀rẹ̀? Ṣé ó wà nínú DOAJ, ìwé orúkọ àwọn jọ́nà onílẹ̀kùn-ṣíṣí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2003, tí ó sì yọ nǹkan bí 3,300 jọ́nà kúrò ní May 2016 nítorí pé wọn kò mú ẹ̀rí tuntun wá? Kí wọ́n sì mọ̀ pé nọ́ńbà ISSN kì í ṣe ẹ̀rí. Ó dàbí nọ́ńbà tí a lẹ̀ mọ́ ọkọ̀: ó ń jẹ́ kí a dá ọkọ̀ mọ̀ yàtọ̀, kò sọ pé awakọ̀ mọ ọkọ̀ wà.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ọjọ́ náà yóò dé fún gbogbo oyè tí a fi àpilẹ̀kọ rírà gbà, ní Èkìtì àti níbi gbogbo. Ohun tí ó kù fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ láti yàn ni bóyá àwọn fúnra wọn ni yóò lọ pàdé rẹ̀ lọ́nà, àbí wọn yóò dúró kí ó wá bá wọn nílé. Kí ìgbìmọ̀ tí yóò jókòó ní ọdún tí ń bọ̀ mú àpilẹ̀kọ kan ṣoṣo nínú ogún tí ó wà níwájú wọn, kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n sì kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.